Ìlú Tó Ń Fi Ahọ́n Méjì Mumi

Bí o bá kúrò ní Kámbà, tí ọ̀dà sì tán lójú títì,
tí yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú bí olówó tó rí onígbèsè,
má bẹ̀rù. Ṣáà máa bọ̀.
Ilẹ̀ yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
yóò jìn bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń tọrọ omi.
Òórùn àlùbọ́sà yóò wá pàdé rẹ lọ́nà
kí o tó rí ilé kan ṣoṣo.
Túńgà nìyẹn.

Etí Ọya la tẹ̀dó sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ọya.
Kwárà ni lẹ́nu Haúsá,
Ìsà ni lẹ́nu àwọn Sàbàrámà,
àwọn tó ti òkè odò wá tún ní orúkọ tí wọ́n ń gba imú pè.
Èmi nìkan, ọmọ Ṣakí tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe,
ni mo ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé,
ní ohùn kẹ́lẹ́, bí mo bá ń fọ gírísì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Faransé kò fi ìbọn wọ̀lú níbí.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà, ló bá ọkọ̀ wá,
ó jókòó lórí àpò ìrẹsì, ó gbẹ́sẹ̀ lé ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́.
Sùmáílà Hámà ló wà á kọjá.
Sùmáílà kò mọ̀wé rárá,
síbẹ̀ ó lè fi Faransé bú ẹ́ńjìnnì
títí ojú yóò fi ti ẹ́ńjìnnì, tí yóò sì dún.

Búrẹ́dì ibí gùn bí apá, ó le bí ọ̀rọ̀ àna,
orí orúnkún la ti ń ṣẹ́ ẹ.
Àwọn ọmọdé á ní "bọ́ńsúwà", oòrùn ò tíì wọ̀,
wọ́n á tún fi "sànnú" lé e, kí o má baà ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́.
Náírà wà ní àpò ọ̀tún, sẹ́fà wà ní tòsì.
Ẹni tó bá gbàgbé èwo ló wà níbo
ti jẹ gbèsè kó tó dé ìdí àlùbọ́sà.

Màdáàmù Òdúnlámì ń ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja.
Sábẹ̀ ló ti wá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kí mi, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi:
Yorùbá ìyá ìyá mi ló wà lẹ́nu rẹ̀,
èyí tí mo rò pé a ti sin mọ́ ọn.
Ṣùgbọ́n bó bá kan owó, Faransé ló fi ń kà á.
Mo bi í pé èdè wo ló fi ń lálàá.
Ó ní àlá òun kì í sọ̀rọ̀, omi ló máa ń kún inú rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọ̀gá kan wá láti Birnin-Kébbì, ó wọ kíláàsì,
ó bi ọmọ kan pé: "Orílẹ̀-èdè wo lo wà?"
Ọmọ náà bojú wo ẹ̀yìn fèrèsé.
Oṣù kẹsàn-án ni. Odò ti gun orí ebè,
ó ti fa ààlà oko bàbá rẹ̀ ya bí ìwé.
Ọmọ náà ní: "Ẹ jẹ́ kí omi fà ná."
Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. A ò mọ ohun tó kọ.
Wọ́n kó bẹ́ǹṣì mẹ́fà wá lẹ́yìn náà, bóyá òun ló fà á.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé.
Lálẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ Àlájì Láwálì bá kú,
iná òdìkejì odò á wá hàn kedere.
Mo máa ń kà wọ́n kí n tó sùn.
Lánàá, mo ti dé orí ìkẹta
kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń wí:
ọ́ń, dé, tùrúwà.
Màdáàmù ń rẹ́rìn-ín láti ìdí fìtílà rẹ̀.

Bí o bá ń bọ̀, bá mi mú pọ́lọ́ọ̀gì méjì dání.
Má mú owó ńlá. Ṣẹ́ńjì ò sí.